Irinṣẹ́ mẹ́ta tó bá mi yọ iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án nínú háàdì tó já bọ́

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo fi ń jẹun ní Kábà. Ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Kàlẹ́ńdà ìjọ tẹ̀ lé e, ìwé ìpè ìgbéyàwó náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú project àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n máa ń sáré gbé wá nígbà tó bá ku ọ̀la kí wọ́n fi sílẹ̀. Láti Bùnú, láti Ìjùmú, títí dé Yàgbà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wá bá wa, torí òkú àgbà kì í wọlẹ̀ lọ́dọ̀ wa láìsí ìwé olójú-ewé mẹ́rìndínlógún tí fọ́tò aláwọ̀ wà níwájú rẹ̀.

Irinṣẹ́ mẹ́ta kan tí a fi ń gba fáìlì là lórí Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ddrescue, PhotoRec àti TestDisk. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N ò jókòó dán wọn wò láti fi gbafẹ́ o, ọ̀ràn ló gbé mi dé ìdí wọn. Ẹni tó bá ń kánjú, kó gba ìdájọ́ mi kó máa lọ: ddrescue ni ọ̀gá. TestDisk gbọ́n, àmọ́ ojú rẹ̀ le. PhotoRec yóò gbé ọmọ yọ nínú odò, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ọmọ ta ni.

Ẹni tí kò kánjú, ẹ jẹ́ ká lọ.

Ní 2010 ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tábìlì kan. Nígbà tó fi máa di 2019, kọ̀ǹpútà náà ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Windows 7 ló wà lórí rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tí àwọn ọmọ iléèwé sì ń fi fláàṣì gbé wọlé ti sọ ọ́ di ọjà. Bí mo ṣe ṣí lọ sórí Linux Mint nìyẹn. Kí n tó yọ̀ǹda ti àtijọ́, mo fi dd, àṣẹ Linux tó ń da dísíìkì kọ, ṣe ẹ̀dà odindi dísíìkì rẹ̀, 320 GB, sínú fáìlì kan ṣoṣo, mo pè é ní soobu.img. Ohun tí wọ́n ń pè ní disk image nìyẹn. Kì í ṣe pé èèyàn kó fáìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dísíìkì náà fúnra rẹ̀, àti ibi tó kún àti ibi tó ṣófo, ló di fáìlì gbọọrọ kan. Mo gbé e sórí háàdì alágbèéká 500 GB tí mo ti ṣe ní ext4 (ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísíìkì), mo tì í sínú dúrọ́ọ̀, ọkàn mi balẹ̀.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni o. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo gbà.

Ní 2025, ìyá àgbà kan wá láti Bùnú. Ọdún kẹwàá tí ọkọ rẹ̀ papò dà ló ń bọ̀, àwọn ọmọ fẹ́ ṣe ìrántí. Ó jókòó, ó tú kókó aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo ṣe ìwé ìsìnkú bàbá nígbà yẹn. Fọ́tò tó wà níwájú rẹ̀ làwọn ọmọ ń bèèrè. Wọ́n ní kò sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni mọ́."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Ó wà nílé."

Mo yọ háàdì, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù. Ó ń yí lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi gbé ike omi kọjá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà. Orí sìmẹ́ǹtì ni háàdì náà balẹ̀ sí. Mo tún un so. Ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí adìẹ tó ń ṣá àgbàdo lórí páànù. Ó fara hàn, mo rí orúkọ soobu.img lójú fóldà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kó dà á kọ síbòmíràn, kò tíì ṣe ìdá mẹ́wàá tó fi dúró: Input/output error. Mo bẹ ìyá pé kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ó wà nílé, àbí?" N ò rí nǹkan kan sọ.

Ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Ẹnì kan ní kí n fi nylon wé e kí n gbé e sínú fíríìsà mọ́jú. Mo kọ̀. Ìrì tó máa bá a jáde láti inú òtútù nìkan tó pa á. Ọ̀rẹ́ kan tó ń tún fóònù ṣe ní kí n gbé e wá. Ó so ó mọ́ Windows tirẹ̀, Windows sì bí í léèrè bóyá kó fọ́máàtì dísíìkì náà kó tó lè lò ó. Windows kò mọ ext4, gbogbo ohun tí kò bá mọ̀ ló ń kà sí òfo. Ìka ọ̀rẹ́ mi ti ń lọ bá bọ́tìnnì kí n tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bínú díẹ̀. A ti parí rẹ̀ báyìí.

Ibẹ̀ ni mo ti padà sílé, mo sì ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe: mo yọ háàdì náà, n kò so ó mọ́ títí mo fi ra òmíràn. Háàdì tó bá ti já bọ́ kì í ní ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lára. Gbogbo wákàtí tí ẹ bá fi ń ṣí fóldà wò lórí rẹ̀, tí ẹ̀ ń rán cp, àṣẹ tó ń da fáìlì kọ, níṣẹ́ ní àrántúnrán, nínú ẹ̀mí yẹn ni ẹ ti ń ná. Mo rán ẹni tó ń lọ sí Lọ́kọ́jà kó bá mi ra 2 TB. Owó tí kò sí nínú ètò oṣù yẹn rárá.

Ọ̀dọ̀ ddrescue wá là ń lọ. Antonio Diaz Diaz ló kọ ọ́, ara iṣẹ́ GNU, àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́, ni. Ẹ ṣọ́ra nípa orúkọ: lórí Mint, Ubuntu àti Debian, gddrescue ni ẹ máa pè nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi apt gbé e wọlé, ṣùgbọ́n ddrescue ni àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀. Dd_rescue tó ní ìlà lábẹ́ ní àárín, ọmọ bàbá mìíràn ni, iṣẹ́ Kurt Garloff. Ẹ má fi ìlànà ọ̀kan lo èkejì. Data tó fi wọlé kò tó èyí tí ẹ fi ń wo eré kékeré kan lórí fóònù.

Ohun tó jẹ́ kó yàtọ̀ sí cp àti dd ni pé kì í bá ibi tó bàjẹ́ jà. Tí cp bá kan ibi tí kò ṣeé kà, ó dúró, ó fi ẹjọ́ sùn. Ddrescue a fò ó, a lọ kó ibi tó dáa kíákíá, a sì padà wá sí ibi líle nígbà tó bá yá. Bí ẹni tó ń jẹ ẹja ẹlẹ́gungun ni: ẹran rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹ. Àṣẹ àkọ́kọ́ tí mo lò rèé:

sudo ddrescue -d -n /dev/sdb /mnt/tuntun/haadi.img haadi.map

Háàdì tó ń ṣàìsàn ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ, ibi tí ẹ̀dà máa gúnlẹ̀ sí ni ìkejì. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó tẹ Enter. Ẹni tó bá yí wọn sódì lè fi òfo bo ohun tó fẹ́ gbà là mọ́lẹ̀. Èmi fi òwú pupa so háàdì àìsàn, mo tún lo lsblk, àṣẹ tó ń to àwọn háàdì tó wà lára kọ̀ǹpútà, láti wo ìwọ̀n wọn, 500 sí ọ̀kan, 2 TB sí ìkejì, kí n tó tẹ ohunkóhun. Lẹ́tà n yẹn ń sọ fún un pé kó má tíì fọwọ́ kan egungun.

Ẹ ó rí i pé odindi háàdì ni mo ní kó dà kọ, kì í ṣe fáìlì soobu.img nìkan. Ó lè ṣe fáìlì nìkan náà, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń kú ni, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gba ẹnu rẹ̀.

Fáìlì kẹta yẹn, haadi.map, òun ni mo ṣe fẹ́ràn irinṣẹ́ yìí. Ìwé àkọsílẹ̀ ni. Bí ddrescue ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé láti ibí dé ibí, mo ti kà á. Láti ibí dé ọ̀hún, kò ṣeé kà. Ẹ lè fi Text Editor lásán ṣí i: lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe gùn tó, lẹ́yìn náà àmì kan. Àmì + túmọ̀ sí pé ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Àmì ? ni ibi tí kò tíì dé. Àmì - ni ibi tó ti gbìyànjú tí kò rí mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé níbi tí iná kì í ti í lọ lè máà mọ ìwúlò eléyìí. Èmi mọ̀ ọ́n. Òru méjì ni iṣẹ́ yìí gbà, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, háàdì tuntun ò ní, orí iná ìta ló wà, torí náà gbogbo ìgbà tí iná bá ti lọ ni iṣẹ́ ń já. Nígbà kejì tó ṣẹlẹ̀, aago méjì òru kọjá, mo fi tọ́ọ̀ṣì wá bọ́tìnnì jẹnẹrétọ̀, mo padà wá tẹ àṣẹ kan náà gan-an, n kò yí lẹ́tà kan padà. Ó wo haadi.map, ó sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dúró, bí ẹni pé ó kàn lọ mu omi ni. Orí láptọ́ọ̀pù ni mo tọ́jú haadi.map sí, kì í ṣe orí háàdì tó ń kú. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má gbàgbé pé láìsí fáìlì yẹn, iná kan tó bá lọ yóò dá yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ojú rẹ̀ kò lẹ́wà. Dúdú ni ojú ìwé, nọ́ńbà ń sáré. Ìlà méjì péré ni mo ń wò: pct rescued, tó ń sọ iye tó ti gbà nínú ọgọ́rùn-ún, àti remaining time, tó máa ń purọ́ bí awakọ̀ tó ní ọkọ̀ òun ti fẹ́ kún. Ó lè sọ wákàtí mẹ́ta, kó sọ ọjọ́ mọ́kànlélógún, kó tún padà sí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ má dá a lóhùn.

Lẹ́yìn tó ṣe tán ní ìpele àkọ́kọ́, 99.87% ló ti wọlé. Mo jẹ́ kí háàdì náà sinmi kó tutù, mo gbé e lé àwo irin, mo dojú fáànù kọ ọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo yọ -n kúrò, mo fi -r3 sí i, èyí tó ní kó padà sí àwọn ibi líle, kó gbìyànjú wọn lẹ́ẹ̀mẹta sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti di 99.99%. Nínú 500 GB, nǹkan bíi 46 MB ni kò rí gbà. Mo yọ háàdì náà, mo fi nylon wé e. Kò tún gbé nǹkan kan fún mi látìgbà yẹn.

Ọgbọ́n kékeré kan wà nínú ddrescue tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni máa sọ. Ibi tí kò bá ṣeé kà, òfo ló máa wà níbẹ̀ nínú ẹ̀dà, òfo kì í sì í ké. Ẹ lè ṣí ìwé kan kẹ́ ẹ má mọ̀ pé àárín rẹ̀ ti jẹ títí dìgbà tí oníbàárà bá dúró níwájú yín. Ṣùgbọ́n ẹ lè ní kí ddrescue padà lọ fi ọ̀rọ̀ kan kún gbogbo ojú ihò wọ̀nyẹn. Ohun tí mo ṣe rèé:

printf "BAJE-NIBI " > ami.txt
ddrescue --fill-mode=- ami.txt /mnt/tuntun/haadi.img haadi.map

Báyìí, gbogbo ibi tó ti nù ń sọ tẹnu ara rẹ̀. Ẹ máa rí ohun tó bá mi ṣe níwájú.

Mo ṣí haadi.img láti kà nìkan, mo fa soobu.img jáde nínú rẹ̀. Kò kọsẹ̀, torí orí háàdì tó ní ìlera ló wà. Inú mi dùn. Mo wá fẹ́ ṣí soobu.img fúnra rẹ̀, níbi tí Windows àtijọ́ wà. Ó ní NTFS signature is missing. NTFS ni ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí dísíìkì. Àṣé orí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an, ìbẹ̀rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ ọ́n, ni ọ̀kan nínú àwọn ihò yẹn bọ́ sí.

Mo gbọ́ pé PhotoRec kò nílò ẹnu ọ̀nà, mo bá sá lọ bá a. Òótọ́ ni, kò nílò rẹ̀. Christophe Grenier, ará Faransé, ló kọ PhotoRec àti TestDisk, inú páálí kan náà tó ń jẹ́ testdisk ni wọ́n sì wà. Ọ̀nà PhotoRec rọrùn láti lóye: kò bèèrè lọ́wọ́ dísíìkì pé fáìlì wo ló wà níbo. Ó kàn ń rìn láti òkè délẹ̀, tó bá rí ohun tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ ti fọ́tò JPEG, ó gé e jáde. Tó bá jọ ti ìwé Word, ó gé e jáde. Orúkọ fáìlì àti fóldà tó wà, inú ìwé àkọsílẹ̀ tí kò wò lèyí wà, nítorí náà kò mọ̀ ọ́n.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Fáìlì tó lé ní 35,000 ló kó fún mi, nínú fóldà mọ́kànléláàádọ́rin, láti recup_dir.1 lọ. Mo ṣí èkíní. Àwòrán bọ́tìnnì Windows. Ojú kékeré tí browser tọ́jú. Àsíá ìpolówó ọṣẹ. Nínú gbogbo rẹ̀, fọ́tò ọkọ ìyá Bùnú wà níbì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ f pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn.

Ṣùgbọ́n ìwé Word ló pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. PhotoRec máa ń gbìyànjú láti ṣàánú: tó bá rí àkọlé tó fara pamọ́ nínú ìwé Word, ó máa ń fi í kún orúkọ fáìlì. Ire ni fún ẹlòmíràn. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ìwé ètò ìsìnkú àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní 2010, ti bàbá kan ní Ìyàrà ni. Láti ọjọ́ náà, tí iṣẹ́ tuntun bá ti wọlé, èyí tó wà nílẹ̀ ni mo ń ṣí, màá pa orúkọ rẹ́, màá kọ tuntun, màá tọ́jú rẹ̀ lórúkọ mìíràn. Gbogbo oníṣẹ́ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ pé àkọlé tó fara pamọ́ kì í yí padà. Ìgbà tí PhotoRec ṣe tán, ìwé 412 ló ń jẹ́ ORDER OF SERVICE FOR LATE PA, pẹ̀lú orúkọ bàbá Ìyàrà yẹn níwájú. Bàbá kan ṣoṣo, ìsìnkú 412. Pẹ̀lú àwọn ìyá. Pẹ̀lú pásítọ̀ kan. Ọmọ iṣẹ́ mi, tí kò tíì lè wo ojú mi láti ọjọ́ tí háàdì ti bọ́, rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú.

Bí fọ́tò kámẹ́rà nìkan ni ẹ bá sọ nù, ẹ lo PhotoRec, ó máa tẹ́ yín lọ́rùn. Ojú ni ẹ fi ń mọ fọ́tò. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí orúkọ, bíi tèmi, ìgbẹ̀yìn ni kó jẹ́. Ó tún jẹ àyè: gbogbo ohun tó gé jáde, ẹ̀dà tuntun ni, nítorí náà orí háàdì tó láyè ni kí ẹ ti dúró ṣe é.

TestDisk ni mo wá padà sí. Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo fẹ́ fojú ara mi rí ìpalára náà. Ní Windows 7 tèmi, ibi tí dísíìkì C ti bẹ̀rẹ̀ ni sector 206848. Sector ni ègé kékeré tí dísíìkì pín sí, báìtì 512 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan níbí, nítorí náà 206848 lọ́nà 512 jẹ́ báìtì 105906176. Mo ní kí xxd, àṣẹ tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn, fi ibẹ̀ hàn mí. Ibi tó yẹ kí n ti rí lẹ́tà NTFS, ohun tó wà níbẹ̀ ni BAJE-NIBI BAJE-NIBI BAJE-NIBI, bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pariwo. Ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi kọ ló ń dá mi lóhùn. Ó dùn mọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìròyìn burúkú ni.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé NTFS máa ń tọ́jú ẹ̀dà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí ìparí pátápátá. TestDisk mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ testdisk soobu.img, ẹ yan Intel, ẹ lọ sí Advanced, ẹ yan èyí tó tóbi nínú àwọn ìpín méjì tó bá kọ síbẹ̀, ẹ tẹ Boot. Ohun tó kọ fún mi ni pé boot sector (ẹnu ọ̀nà yẹn) burú, backup boot sector dára, àwọn méjèèjì kò sì bára mu. Bọ́tìnnì kan wà nísàlẹ̀ tó ń jẹ́ Backup BS. Mo tẹ̀ ẹ́, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo tẹ Y. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lẹ́yìn òru méjì àti epo jẹnẹrétọ̀, ìṣẹ́jú àáyá méjì!

Mo tẹ List, fóldà mi yọ jáde. ISINKU-2011. ISINKU-2012. KALENDA. PROJECT-OMO-ILEEWE. Orúkọ wọn lórí wọn, bí mo ṣe kọ wọ́n, pẹ̀lú àṣìkọ mi.

Kí ni mo rí bá TestDisk wí? Ojú rẹ̀ dà bí ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bí ọmọ iṣẹ́ mi. Kò sí mouse. Ọfà àti lẹ́tà ni ẹ fi ń rìn, c kékeré ń kó fáìlì kan, C ńlá ń kó gbogbo èyí tí ẹ ti sàmì sí, ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ á jókòó tì í. Èyí tó burú jù ni pé ó lè kọ nǹkan sórí ohun tí ẹ fún un, àti ìbéèrè tó máa gbà yín là àti èyí tó máa bà yín jẹ́, ohùn kan náà ló fi ń bi wọ́n. Lórí ẹ̀dà nìkan ni kí ẹ ti máa lò ó. Èmi ní haadi.img lẹ́yìn, bí mo bá ṣi ọwọ́ tẹ̀ lórí soobu.img, màá kàn tún fa òmíràn jáde ni.

Mo ṣí soobu.img láti kà nìkan, mo sì rán grep pé kó wá gbogbo fáìlì tí BAJE-NIBI wà nínú rẹ̀. Ó lo gbogbo ọ̀sán. Mẹ́tàdínlógójì ni. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀, ẹ gbé e jù nù. Kàlẹ́ńdà ìjọ kan ní 2014 ti lọ. Project ọmọ kan lórí ọ̀rọ̀ iṣu gbígbìn, ẹni tó ni ín á ti máa ṣiṣẹ́ níbì kan báyìí, kò ní wá a. Fọ́tò mẹ́sàn-án: òkè wọn mọ́, ìsàlẹ̀ wọn di eérú láti ibi tí ihò ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógójì sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Gbogbo ohun tí kò sí lórí bébà yẹn ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: háàdì tèmi ṣì ń fara hàn lójú lsblk. Bí tiyín kò bá hàn rárá, tàbí tó ń sọ pé òun jẹ́ 0 B, kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè ràn yín lọ́wọ́. Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣí háàdì nínú yàrá tí kò ní eruku nìyẹn, owó wọn kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé.

Ṣé màá gba ẹlòmíràn níyànjú láti lò wọ́n? Ddrescue, lónìí, kí ó tiẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà yín kí ọ̀ràn tó dé, torí ọjọ́ tí ọ̀ràn bá dé, íńtánẹ́ẹ̀tì náà lè ṣe ojú kòkòrò. TestDisk, tí ẹ bá lè fara balẹ̀ kàwé. PhotoRec, bá a ṣe ń pe mọ̀lẹ́bí kan tó lágbára àmọ́ tí kò mọ ilé.

Ìyá Bùnú padà wá lọ́jọ́ tó dá. Mo ti ṣí fọ́tò náà sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó gbòòrò, ó mọ́. Ó sún mọ́ ọn. Ó wò ó títí.

"Èyí ni wọ́n gbé síwájú ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Ojú rẹ̀ le jù. Bàbá kì í ṣe báyìí. Kò sí òmíràn?"

Fọ́tò márùn-ún ló wà nínú fóldà yẹn tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé wá lọ́dún náà, tí wọ́n yan ọ̀kan nínú wọn. Mo tẹ ọfà sọ́tùn-ún. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀kẹrin, bàbá náà jókòó lórí àga onígi, fìlà rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnì kan tí kò sí nínú fọ́tò.

Ó ní, "Òun nìyẹn. Ẹ̀dà igba ni kó o bá wa tẹ̀."